Bí Pẹ́pẹ́yẹ Alátùpà Ṣe Délé ní Òsí

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ yóò bá a dákẹ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ̀yin ọmọ wa, pé àmóhùnmáwòrán ló pa àlọ́ run ní ìlú yìí, àti pé àwa òbí yín gan-an la gbé e wọlé, tí a tún ri ọparun mọ́lẹ̀ fún un kí ó lè ríran. Ẹ máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú àánú, bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀. Èmi kò gba ìkíni náà. Ojú mi ló ṣe, inú ilé mi ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ẹ sún mọ́ mi kí n wí tẹnu mi, nítorí a kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Ní àwọn ọdún tí mo ń wí yìí, bí ẹ bá ń ti ọ̀nà Ìlọ́fà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, etí yín ni yóò kọ́kọ́ wọ Òsí kí ẹsẹ̀ yín tó dé. Odó ni yóò kí yín. Ilé kan á bẹ̀rẹ̀ iyán, ilé kejì á gbà á, títí gbogbo àdúgbò yóò fi máa dún bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mí. Ẹni tó létí mọ ilé tí àlejò wọ̀ sí, nítorí odó alálejò kì í tètè dákẹ́. Lónìí, ẹ ń da ìyẹ̀fun iṣu sínú omi gbígbóná, ẹ ń rò ó, ẹ ní iyán ni. Ó dára. Ẹnu yín ni.

Lẹ́yìn iyán ni àlọ́. Ìyá mi, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Yèyé, ló ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pé sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìdí nu ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń dán. Òfin méjì ló wà níbẹ̀. A kì í pàlọ́ lọ́sàn-án: ẹni tí àlọ́ bá ti ilé rẹ̀ jáde nígbà tí oòrùn wà lókè, ìyá rẹ̀ ni yóò sọnù. A kì í sì í dá àlọ́ dúró lágbedeméjì, nítorí pé ẹni tó ń rìn nínú àlọ́ kò gbọdọ̀ sùn sójú ọ̀nà. Mo ti rí i rí tí gbogbo ọmọ sùn lọ tán, tí Yèyé ṣì ń bá àlọ́ lọ fún ògiri, torí pé Ìjàpá kò tíì padà sílé.

Káàdì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn wọ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka kan kí gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà kò lè mọ iyì káàdì. Bí Kérésì bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, a óò ta okùn láti ògiri dé ògiri nínú pálọ̀, a óò sì máa fi káàdì kọ́ ọ bí aṣọ tí a sá. Bí àlejò bá wọlé, kò ní í tíì jókòó tí yóò fi gbé ojú sókè láti wo àwọn tó rántí wa. Bàbá Ràímì, aládùúgbò wa tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Ìlọrin, mùsùlùmí ni. Òun a mú káàdì wá fún mi ní Kérésì, èmi a dá tirẹ̀ padà ní Iléyá. Ní ọdún kan, ti ìkíni ìgbéyàwó ló rà wá. Ó ní òdòdó ara rẹ̀ ló wu òun.

Ìyàwó mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Bàbá Ràímì, ta lẹ fẹ́ fún ọkọ mi?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà lórí okùn, Ìyá Bọ́lá. Ọjọ́ ń bọ̀."

A fi kọ́ ọ. A kì í dá ìkíni padà.

Bọ́lá yìí ni àkọ́bí mi. Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Ìlọrin ló fi káàdì kan ránṣẹ́ sí i, tí àwòrán pẹ́pẹ́yẹ kékeré kan wà lára rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ náà fi ìborùn wé ọrùn, ó gbé àtùpà títàn dání, ó ń wo iwájú bí ẹni tí a rán níṣẹ́ pàtàkì. Ní ọdún kejì, òun náà tún ni. Ní ọdún kẹta, ó ti wà lórí okùn ní ilé púpọ̀ ní Òsí, ó ti dé Òkè-Ọ̀pin. Alátùpà ni àwọn ọmọ ń pè é. Ẹni tí kò ní i a máa yá a wò lọ́wọ́ ẹni tó ní i.

Àmóhùnmáwòrán tèmi kò tóbi, kò sì ní àwọ̀ kankan ju dúdú àti funfun lọ. Ọwọ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tí wọ́n gbé kúrò ní Òsí ni mo ti rà á. Bátìrì ọkọ̀ Bàbá Ràímì ló ń jẹ. Bí bọ́ọ̀sì bá ti dé, a óò tú bátìrì rẹ̀, a óò gbé e wọ pálọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá yí ọparun òde tí ẹ̀ríàlì wà lórí rẹ̀ padà, ọmọ kan á lọ dì í mú, a óò máa pariwo sí i láti inú ilé pé, "Yí i díẹ̀ sí i! Ó ti lọ! Dá a padà!"

Yèyé kẹ́yìn sí i. Ó ní òun kò lè jókòó ti ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ tí kò tíì bi òun bóyá àlàáfíà lòun wà. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn ún gan-an kì í ṣe ẹ̀rọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni. Ọmọ dín níbẹ̀ títí ó fi ku kìkì èyí tí a bá lé jáde ní pálọ̀ mi nítorí ariwo. Yèyé a sì pàlọ́ fún ọmọ kan ṣoṣo yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ní í gé ohunkóhun kúrò nínú orin rẹ̀.

Nígbà tó di àsìkò Kérésì kan, wọ́n kéde lórí ẹ̀rọ pé pẹ́pẹ́yẹ inú káàdì yóò dìde rìn. Wọ́n ti yà á ní àwòrán tó ń rìn tó sì ń fọhùn, wọn yóò sì fi hàn ní ọjọ́ kejì Kérésì, lẹ́ẹ̀kan péré. Bọ́lá sáré jáde láti lọ ròyìn, ẹni àkọ́kọ́ tó sì kò lọ́nà ni Yèyé.

"Yèyé, Alátùpà máa sọ̀rọ̀. Ó máa kọrin."

"Pẹ́pẹ́yẹ ni yóò sọ̀rọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

"Ó ń lọ síbì kan?"

"Wọ́n ní ó ń rìnrìn àjò."

"Ẹranko ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin, ó ń rìnrìn àjò. Àlọ́ nìyẹn. Nígbà wo ni wọn yóò pa á?"

"Agogo mẹ́rin."

Yèyé wo ojú ọ̀run bí ẹni tó fẹ́ rí agogo mẹ́rin níbẹ̀. "Oòrùn yóò ti wọ̀?"

Bọ́lá náà gbójú sókè wo oòrùn.

Yèyé ní kí wọ́n pè mí. Mo dé, Bàbá Ràímì tẹ̀lé mi. Mo ṣàlàyé pé àwọn òyìnbó ló yà á, pé kì í ṣe irú àlọ́ tiwa. Ìyá mi jẹ́ kí n sọ tèmi tán.

Ó ní, "Ulé ta ni wọn yóò ti pa á?"

"Ilé mi ni, Yèyé."

"Bí a bá pàlọ́ lọ́sàn-án nínú ulé rẹ, ìyá ta ni yóò sọnù?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá Ràímì ló gbà á lẹ́nu mi. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù, Yèyé. Bí ẹ bá sọnù, mo ní mọ́tò. Mo máa wá yín dé Ìlọrin."

Yèyé ní, "Mọ́tò rẹ tí èrò ń tì gòkè? Èmi ni n ó tún wá máa wá ìwọ."

Bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín náà, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di ńlá. Bí àpótí kan bá lè pàlọ́ lójú oòrùn nínú ilé ọmọ rẹ̀, òfin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti fọ́, Yèyé sì di arúgbó lásán tó ń jókòó lórí ẹní. Bí àwọn ọmọ kò bá sì rí Alátùpà nítorí rẹ̀, wọn kò ní í tún gbà á sí ìyá wọn mọ́. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí ohun tó jọ wíwo Alátùpà. Ẹ lè pè é ní ìwà àgọ̀. Ẹ̀yin ń dá ìyá yín lóhùn lórí fóònù nígbà tí ẹ ń jẹun lọ́wọ́. Àwa kò gbé bẹ́ẹ̀ dàgbà.

Lọ́jọ́ Kérésì, Bọ́lá kò jẹ adìyẹ. Ẹ̀yin tí ń jẹ adìyẹ lójoojúmọ́, ẹ kò lè mọ̀ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọmọ ń rí ẹsẹ̀ adìyẹ tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Yèyé gbé abọ́ náà wò, ó rọra gbé e sílẹ̀, ó ní kí Bọ́lá lọ mú káàdì rẹ̀ wá.

Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó ní, "Kí ló gbé dání yìí?"

"Àtùpà ni."

"Ó tàn tàbí kò tàn?"

"Ó tàn, Yèyé."

"Ẹni tó tan àtùpà, ṣé ọ̀sán ló fi ń rìn?" Ó dá káàdì náà padà fún un. "Òru ló wà ní ìlú tirẹ̀. Àwa ló wà lọ́sàn-án. Àwa náà yóò lọ bá a lóru. Jẹ adìyẹ rẹ."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àwọn àgbà wa kò mọ̀ ju kí wọ́n ní "èèwọ̀" lọ. Ìyá mi kò fọ́ òfin rẹ̀, kò sì fi òfin náà fọ́ orí ọmọ. Ó wo inú ọ̀rọ̀ títí ó fi rí ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo ilé ń kó ẹní wá. A fi ẹní dí fèrèsé, a fi aṣọ kíjìpá dí ojú ihò tó kù, Bàbá Ràímì tú tapólì orí bọ́ọ̀sì rẹ̀, a fi bo ẹnu ọ̀nà. Yèyé jókòó sí àárín, ó ń wá ibi tí oòrùn ti ń yọjú. "Ẹ wo ẹ̀yìn àpótí yẹn. Ọ̀sán ń wọlé níbẹ̀." Nígbà tí kò sí ẹni tó rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́, tí ooru mú wa bí ẹni wà nínú ìkòkò, ó ní kí n tan ẹ̀rọ náà. Kí ó tó mọ́lẹ̀, Yèyé ti ké e:

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!" Bí ilé yẹn ṣe dún, mo rò pé tapólì yóò já.

Alátùpà jáde. Ohun gbogbo tó wà ní ìlú rẹ̀ funfun. Ilẹ̀ funfun, orí ilé funfun. Èmi mọ̀ pé òjò dídì ni, nítorí mo ti kà nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àsìkò ọyẹ́ ni, gbogbo àpáta Òsí ló kún fún ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin rẹ, tí wọ́n fọ́, tí wọ́n sá sóòrùn kí ó lè di láfún. Ohun funfun mìíràn wo ni à bá tún mọ̀ tí a ń tẹ́ sílẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ kan ní, "Ó ń tẹ láfún o."

Yèyé ní, "Láfún ta nìyí? Ẹni tó sá èyí lọ́wọ́ iṣẹ́ gan-an. Kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ?"

Mo ní, "Yèyé, òjò dídì ni."

"Òjò ló tẹ́ sílẹ̀ tí kò ṣàn? Jẹ́ kí n wòran."

Pẹ́pẹ́yẹ ń tẹ̀ é lọ, ipasẹ̀ rẹ̀ sì ń hàn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ mí kanlẹ̀. Ní Òsí ìgbà yẹn, ọmọ tó bá tẹ láfún onílé, pàṣán ni yóò fi sùn. Mo ń túmọ̀ ohun tó ń sọ. Nígbà tí mo túmọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló sọnù, pé òun ló ń wá kiri, ohùn mi wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo orí yí sí ọ̀dọ̀ ìyá mi.

Ó ní, "Ẹ má wò mí. Mo wà níbí."

Alátùpà bẹ̀rẹ̀ orin. Àwọn ọmọ gba ègbè, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ náà kò dúró gbọ́ ègbè. Ó kọ tirẹ̀ lọ. Bí orin ti parí, obìnrin kan yọ, ó ń fọ aṣọ, ó ń yin ọṣẹ.

Yèyé ní, "Ta ló ń kiri ọṣẹ láàrin àlọ́? Lé e jáde."

Obìnrin náà lọ, pẹ́pẹ́yẹ padà dé. Àtùpà rẹ̀ ti ń jó rẹ̀yìn, ó jókòó sí abẹ́ igi kan, ó ń sunkún. Níbẹ̀ ni àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Ó kéré, ó tún kéré sí i, ó ku bí ẹyọ àgbàdo kan láàárín ojú ẹ̀rọ, ó sì kú.

Nínú òkùnkùn yẹn, ohùn Bàbá Ràímì jáde jẹ́jẹ́. "Bátìrì ni. Mo fi gbọ́ rédíò láàárọ̀."

Mo ní, "Láàárọ̀ nìkan, Bàbá Ràímì?"

"Láti àná."

Ẹkún sọ. Ìyàwó mi dìde láti ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ìyá mi sì gba ẹní náà mú.

"Kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Ọmọ yẹn kò tíì délé."

Ó jókòó padà. Ó ní, "Pẹ́pẹ́yẹ jókòó sábẹ́ igi. Ẹ̀yin rò pé kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Irọ́ ni. Láfún yẹn ní onílé. Obìnrin náà ti oko dé, ó bá ipasẹ̀ kékeré lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó fa pàṣán yọ, ó tọ ipasẹ̀ náà, ó ń kọrin bọ̀:

Ta ló tẹ láfún mi?"

Ó fi ègbè sí wa lẹ́nu: *Ẹsẹ̀ kékeré.*

"Ibo ló gbà kọjá?"

*Ẹsẹ̀ kékeré.*

"Mo mú pàṣán bọ̀."

*Ẹsẹ̀ kékeré.*

Ní tòótọ́, kò sí ẹni tó sunkún mọ́. Bàbá Ràímì ló ń gbè jù.

"Ó bá a lábẹ́ igi. Ó ní, 'Ìwọ lo tẹ láfún mi?' Pẹ́pẹ́yẹ ní, 'Èmi ni, ẹ jọ̀wọ́. Ìyá mi ni mò ń wá.' Pàṣán bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó ní, 'Áà. Nítorí náà ni ẹsẹ̀ ńlá kan fi wà ní ìhà kejì láfún mi. Mo ti rò pé olè ni.' Ó gbé pẹ́pẹ́yẹ pọ̀n, ó ké sí àwọn obìnrin ìlú, wọ́n tọ ẹsẹ̀ ńlá náà yí gbogbo àpáta po. Ibẹ̀ ni ìyá wà, òun náà ń wá ọmọ. Àwọn méjèèjì ti ń yí láfún kan náà ká láti àárọ̀. Obìnrin náà fún wọn lómi, ó ní kí wọ́n fọ ẹsẹ̀ wọn. Láti ọjọ́ náà ni pẹ́pẹ́yẹ kì í ti í fi odò sílẹ̀: ó ń fọ láfún kúrò lẹ́sẹ̀."

Yèyé wá ní, "Ó ti délé. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Oòrùn ya wọlé bí omi. Gbogbo wa ń ṣẹ́jú.

Bàbá Ràímì ní, "Yèyé, ẹ ṣì wà?"

Ó ní, "Èmi wà. Wá bátìrì rẹ lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, aládùúgbò wa obìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá. "Tíṣà, kí lẹ kọ́ àwọn ọmọ yìí? Wọ́n dọ̀bálẹ̀ yí láfún mi ká, wọ́n ní ẹsẹ̀ ni àwọn ń wá." Kò sí èyí tó tẹ ẹyọ kan níbẹ̀.

N kò ní í purọ́ fún yín: kì í ṣe gbogbo ọmọ ló padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí bátìrì bá kú, tàbí tí ọparun bá wó, wọn a gbé ààbọ̀ ìtàn tó kù sí ọwọ́ tọ Yèyé lọ, yóò sì bá wọn mú un délé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi fi ayé sílẹ̀ nínú ilé yìí, lórí ibùsùn rẹ̀, tí gbogbo wa mọ ibi tó wà. Àmóhùnmáwòrán kò pa àlọ́ rẹ̀ run. Iṣẹ́ ló ń fún un ṣe.

Bọ́lá ti di ìyá ọmọ ní Ìlọrin kí ó tó rí Alátùpà lódindi nínú fídíò. Ó wá bá mi níhìn-ín, ojú rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ẹni tó mú ìròyìn búburú wá.

"Bàbá, kì í ṣe bí Yèyé ṣe parí rẹ̀ ló parí."

"Báwo ló ṣe parí?"

"Ó gbé àtùpà rẹ̀ gun òkè, ìyá rẹ̀ rí iná, ó wá bá a."

"Ta ló bá a wá ìyá náà?"

"Kò sẹ́nìkan, Bàbá."

"Gbogbo ìlú yẹn, ẹnìkan kò jáde?"

"Kò sẹ́nìkan tó jáde."

"Àwọn ni ìtàn wọn kò tíì parí."

Ó ní, "Ṣùgbọ́n, Bàbá, àwọn ló ni ín."

Mo ní, "Ó dára. Orin kan wà nínú rẹ̀. Kọ ọ́ fún mi."

Ó la ẹnu. Ó ronú. Ó mi orí, ó ní òun kò rántí, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó lọ́sẹ̀ náà ni.

Mo ní, "Kọ tiwa."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń gbọ́, ó wá rọra gbé e: "Ta ló tẹ láfún mi?"

Kò tíì délẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi gbè é láti ilé ìdáná.